Ìjókòó Baba lábẹ́ igi odán

Òórùn tábà tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé lánàá dá mi padà sí yàrá ìyá mi ní Kemta.

Àbúrò mi, ọmọ ọwọ́, ń wúkọ́. Èémí rẹ̀ ń dún hẹ̀rẹ̀hẹ̀rẹ̀, kò sì lè mu ọmú. Bàbá bàbá mi jókòó tì í, ó ń fa tábà nínú ìkòkò rẹ̀. Ó ní èéfín yóò lé òtútù jáde lára ọmọ. Yàrá náà kò ní fèrèsé, ojú sì ń ta mí.

Ìyàwó ilé kì í pàṣẹ fún bàbá ọkọ rẹ̀. Ìyá mi gbé àpótí ìjókòó Baba lọ sábẹ́ igi odán níta, ó padà wá kúnlẹ̀.

“Baba, àwọn ará oko ti ń gba ẹnubodè wọlé. Wọn kò rí yín kí.”

“Ìyàwó, ṣé o ń lé mi ni?”

“Ta ló tó bẹ́ẹ̀, Baba? Irú yín kọ́ ló yẹ kó fara pamọ́ sí yàrá.”

Baba rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó gbé tábà rẹ̀ jáde. Mo ti kàwé lọ́dọ̀ olùkọ́ púpọ̀ láti ìgbà náà. N kò tíì rí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó ìyá mi.

N kò lè sọ pé èéfín nìkan ló fa ikọ́ náà, ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ pé ọmọ méjì ti kú nínú yàrá yẹn ṣáájú àbúrò mi.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọmọ gbá ọmú mú. Baba ké láti ìta: “Ìyàwó, omi o! Ìkíni ti gbẹ mí lọ́fun!”

Ìyá mi fọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́ ẹnu. Kò dìde títí ọmọ fi yó.