Aláró Kì í Ṣe Bàbá

Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, kò sọ́mọbìnrin tó mọ búrọ́ọ̀ṣì dì mú bíi tèmi. Ọkùnrin gan-an, kí wọ́n jáde wá. SS 2 ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀, àmọ́ tí mo bá kọ nǹkan sára ògiri, wàá rò pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnká, ṣe pè mí nígbà tí wọ́n kun iwájú ilé tán.

"Kọ ọ́ gàdàgbà," wọ́n ní. "ILÉ BÀBÁ ALÁRÓ."

Mo kọ ILÉ. Ọwọ́ mi wá dúró.

Ilé Aláró là ń pe ilé wa látilẹ̀, kò sí BÀBÁ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé ló ń sọ pé bàbá ńlá àwọn ló ń rẹ aró, tó fi kọ́lé. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí níléèwé, gbogbo ẹni tí wọ́n ní ó gbé nǹkan ṣe n'Ìbàdàn, ọkùnrin ni. Tó bá wá jẹ́ obìnrin, wọ́n á ní ìkà ni. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo rántí pé obìnrin nìkan ni mo rí rí tó ń rẹ aró.

Màmá tó bí bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

"Màmá, ṣé ọkùnrin máa ń rẹ aró ni?"

Wọn ò gbójú sókè. "Èwo nínú wọn? Ta ló máa jẹ́ kó sún mọ́ ìkòkò aró? Ìyá bàbá ọkọ mi ni aláró. Owó aró ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí. Bi Mọ́gàjí wò, ẹ̀yìn ìyá yẹn ni wọ́n ti ń sùn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́."

Mọ́gàjí wúkọ́. "Ìyàwó ilé ò lè mọ ìtàn ilé."

"Ìyàwó ilé ni aláró náà," Màmá dáhùn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.

Ẹ̀rín pa mí. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ pẹ́ńtì búlúù, mo kọ ÌYÁ ALÁRÓ, ó tóbi ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ.

"Pa á rẹ́," Mọ́gàjí pàṣẹ.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò ní pa á rẹ́."

"Màá pe akọ̀wé ara ògiri mìíràn láti Ìdí Arẹrẹ."

"Ẹ pè é, sà. Tó bá kọ tiẹ̀ tán, á máa lọ sílé ẹ̀. Èmi, ibí ni mò ń gbé, pẹ́ńtì mi ò sì tíì tán."

Títí dòní, wọn ò tíì rí akọ̀wé yẹn pè.