Ìdọ̀bálẹ̀ Kan ní Deco Road

Èkó ni mò ń lọ láti Port Harcourt. Ọkọ̀ òfurufú wa yà ní Warri kó lè gbé èrò díẹ̀, bó ṣe gúnlẹ̀ tán ló kọ̀ tí kò gbéra mọ́. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ń ṣe wàhálà, ká ṣe sùúrù di ìrọ̀lẹ́. Sùúrù! Èmi tí mi ò lè ní sùúrù kí ọbẹ̀ hó lórí iná.

Mo wo àga onírin tí wọ́n tò síbẹ̀, mo ní rárá o. Àbúrò ìyá mi obìnrin ń bẹ nílùú yìí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀ ní Deco Road. Ìjà ẹ̀yà ní Warri ti wá lé kenkà nígbà náà, ìyá mi ò sì gbádùn oorun mọ́. Bí rédíò bá dárúkọ Warri, á dìde jókòó. Ó ti ránṣẹ́ títí pé kí wọ́n palẹ̀ mọ́, kí wọ́n máa bọ̀ nílé wa n'Íjẹ̀bú, wọn ò dáhùn. Mo ní tòò, lónìí yìí, ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé àǹtí mi wọ ọkọ̀.

Ọlọ́kadà tó gbé mi ń bá mi ṣàwàdà títí a fi kan àwọn ṣọ́jà, ló bá panu mọ́. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n gbọ́wọ́ sókè. Mo ní kí ni mo ṣe? “Oga, abeg, raise your hand,” ló wí. Èmi pẹ̀lú táì lọ́rùn, mo gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, mò ń rìn bí ẹni tó jalè. Ọlọ́kadà ń fi ọwọ́ kan ti máṣíìnì rẹ̀, ó gbé ìkejì sókè. Ìyá arúgbó kan wà níwájú wa tó ru igbá ọsàn. Òun náà gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, igbá ò mì, ó sì ń béèrè àlàáfíà ìyàwó lọ́wọ́ ṣọ́jà bó ṣe ń kọjá. Mo lanu, mi ò lè pa á dé.

Àwọn ilé tí iná ti jó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òrùlé wọn ti wọlẹ̀, koríko ti ń hù nínú pálọ̀. Mo ní ìlú yìí ti tán. Àfi bí a ṣe dé Pessu tí mo bá ọjà tó kún fọ́fọ́: ẹja gbígbẹ, gàrí, ariwo, obìnrin méjì ń jà nítorí àyè, ẹnì kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Háà! Irú èèyàn wo nìyí?

Ní Deco Road, mo rí àǹtí mi lókèèrè, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù gan-an. Inú mi dùn débi pé mi ò ronú. Nílé tiwa, a kì í tẹ ọrùn díẹ̀ kí àgbà. Bàbá mi máa ń sọ pé bí àyà ò bá kan ilẹ̀, o ò tí ì kí ẹnikẹ́ni. Mo sáré débẹ̀, mo ju báàgì sílẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Yéè! Kí n tó ní “Ẹ káàsán, mà,” ẹnì kan ti figbe ta: “Dem don come o!” Ọkùnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nà sílẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì nà sílẹ̀. Àwọn tó kù ń sá, ìlẹ̀kùn irin ń dún gbàràgàdà kiri títì. Èmi náà sì gbà gbọ́! Mo rò pé ìbọn ti dún tí etí mi ò gbọ́. Mo ki orí bọ abẹ́ báàgì, mò ń pe Ọlọ́run. Ọwọ́ kan gbá mi lọ́rùn aṣọ mú, ó wọ́ mi wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì fa ìlẹ̀kùn wálẹ̀. Àǹtí mi ni.

A wà nínú òkùnkùn, àwa àti àwọn tó sá wọlé tọ̀ wá. Nígbà tó yá, oníbàtà yọjú wo ìta, ó ní ta ló rí wọn? Kò sẹ́ni tó rí wọn. Ìyá oníbúrẹ́dì ní òun rí ọkùnrin oní-táì kan tí ìbọn bà tó ṣubú. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ èmi àti táì mi tó ti kún fún ẹrẹ̀.

“I dey greet my aunty,” ni mo wí.

Ẹ̀rín bú! Oníbàtà sọ bàtà kan lù mí: “Na greet you dey greet, you wan kill person?” Ìyá oníbúrẹ́dì, ọmọ Abẹ́òkúta ni, ń gbọn iyanrìn kúrò lára búrẹ́dì rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Má bínú, ọmọ mi. A kì í dọ̀bálẹ̀ ní títì níbí mọ́.” Kí n tó nu ojú mi tán, wọ́n ti padà sẹ́nu ọjà títà.

Àǹtí mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn òwú rẹ̀.

“Bó ṣe ṣubú gan-an nìyẹn,” ló wí.

“Ta ni, mà?”

“Ọkọ mi.”

Ó ní ìbọn dún lọ́jọ́ náà, gbogbo èèyàn dọ̀bálẹ̀, ọkọ òun náà dọ̀bálẹ̀, òun sì sùn tì í. “Mò ń sọ fún un pé má gbórí sókè o, má gbórí sókè. Kò gbé e. Mo ní ọkùnrin yìí mà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lónìí. Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, èmi dìde.”

Mùsùlùmí ni wọ́n, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì sin ín sẹ́yìn ilé tí wọ́n jọ kọ́, torí ọ̀nà ti dí, òkú ò lè dé Ìjẹ̀bú. Ó ti ṣe opó tán, kò sẹ́ni tó gbọ́ nílé. Inú bí mi! Mo jágbe mọ́ àgbà. Mo ní irú kí ni ẹ ṣe yìí? Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ!

Kò gbóhùn sókè. “Bí ìyá ẹ bá gbọ́, ọ̀la ni wọ́n máa wá kó mi. Wọ́n á fi mí sí yàrá kan n'Íjẹ̀bú, wọ́n á máa bẹ̀ mí kí n jẹun. Ta ni màá fi í sílẹ̀ fún níbí? Ẹni tó bá ra ilé yẹn, ṣé ó máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Jọ̀ọ́, sọ fún ìyá ẹ pé ọkọ mi kí wọn.”

Mo ní mi ò ní í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo tún un sọ nígbà tó ń dá ọkadà dúró fún mi. Kò bẹ̀ mí mọ́.

Èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé l'Ékòó. Bí mo ṣe délé tí mo ní mo ya Warri, ó di mí lápá mú.

“O rí i? Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?”

Mo ti to ọ̀rọ̀ ikú náà sẹ́nu láti inú ọkọ̀ òfurufú. Mo wo ojú rẹ̀.

“Wọ́n kí yín,” ni mo wí.

Ìyá mi mí kanlẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń ṣàdúà fún ọkọ àbúrò rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ìbọn ò ní í bà á, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn wálé. Ó wá ń wò mí.

Mo ní àmín.