Ìyàwó tí Muzzammil Kò Fi Pamọ́

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ dé pé fisa Muzzammil ti fẹ́ jáde, ìyàwó rẹ̀, Kàbírátù, ń rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò PK8. Ọmọ Ìwó ni Kàbírátù, ó sì ti ń ránṣọ ní Douala kó tó lọ́kọ. Ọmọ Bangui ní Central African Republic ni ọkọ rẹ̀, wẹ́dà ni ní àdúgbò Japoma. Ogun ló lé e kúrò nílé. Nígbà tí wọ́n ń dáná sun àdúgbò wọn, ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mùktárù, rí ọkọ̀ kan wọ̀, òun wọ òmíràn. Ọkọ̀ tirẹ̀ já a sí Kamẹrúùnù. Tiwọn gba Chad lọ, ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ìjọba Ọsirélíà fi gbà wọ́n. Láti ìgbà náà, ìyá kò fojú kan ọmọ mọ́, àfi lórí fóònù.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá máa ń pè. Èdè Sango ti ilẹ̀ wọn ló ń sọ, Kàbírátù kò sì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìyá kì í gbàgbé, Kàbírátù sì ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nítorí pé ó ti gbọ́ ọ tipẹ́: "Ṣé wọ́n ti ní kí o máa bọ̀?"

Fisa ọ̀hún, ti àwọn tí ogun lé kúrò nílùú ni. Ẹni tó bá ní ará lọ́hùn-ún, ará náà lè dúró fún un. Mùktárù ló dúró fún àbúrò rẹ̀, kí Muzzammil tó mọ Kàbírátù rárá. Àpọ́n ni wọ́n kọ pé ó jẹ́. Ní báyìí ó ti gbéyàwó, oyún ìyàwó náà sì ti hàn sójú.

Muzzammil lọ bá Aurélien, ọkùnrin kan tó máa ń bá àwọn ogúnléndé ṣètò ìwé wọn. Ìmọ̀ràn Aurélien kò gùn. Ó ní kó má dárúkọ ìyàwó kankan, nítorí wọ́n á tún gbogbo ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí. Kó kọ́kọ́ lọ, kó wá padà wá mú un.

Nígbà tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Muzzammil kò lè jẹun.

"Ìyá mi ti dàgbà," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Bí mo bá sọ ọ́, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n tún máa pè mí."

Ó kù díẹ̀ kí Kàbírátù ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ obìnrin kan ní Japoma tí ọkọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fẹ́ mú un lọ, wọ́n bi í pé ìyàwó wo, ṣebí ó ní òun kò ní.

"Bí ẹ bá ní ẹ ò níyàwó," Kàbírátù wí, "kí ni wọ́n máa pè mí lọ́la? Ẹ sọ òótọ́. Màámi á dúró dè wá."

Kò mọ ibi tó ti rí ìgboyà tó fi gbẹnu ìyá sọ̀rọ̀.

Muzzammil sọ òótọ́. Wọ́n dá fisa náà dúró. Mùktárù pè, ó ní àbúrò òun ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ìyá ni kò bínú. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún Kàbírátù, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, Muzzammil sì túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní a kì í sá fi aboyún sílẹ̀."

Wọ́n bí Màríyàm. Àwọn tó ń ṣètò fisa pè wọ́n lọ sí Yaoundé, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ọkọ lẹ́nu wò lọ́tọ̀, ìyàwó lọ́tọ̀. Ìròyìn kò dé. Màríyàm ti ń rìn, ohùn ìyá sì ń rẹlẹ̀ sí i lórí fóònù. Ní Jímọ̀ kan, fóònù dún, Mùktárù ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá ti kú.

Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wá, wọ́n ṣàdúà, wọ́n lọ. Muzzammil kò sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ìyàwó rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dun Kàbírátù. Gbogbo Jímọ̀, lásìkò tí fóònù máa ń dún tẹ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ á dìde, á jáde. Nígbà tí ara Kàbírátù kò gbà á mọ́, ó ní:

"Èmi ni mo dá yín dúró."

Muzzammil yíjú sí i. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ," ó wí. "Ó máa ń wù mí pé kí n ti lọ. Kò sí ọjọ́ tí kì í wù mí. Ṣùgbọ́n ká ní mo lọ ni, ǹ bá jókòó ti ìyá mi, kí n máa fojú wá ẹ̀yin méjèèjì."

Kàbírátù sunkún. Muzzammil náà sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ìyá ti kú.

Ìgbà òjò ni fisa jáde, ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti pápákọ̀ òfuurufú lọ́hùn-ún, Mùktárù kò gbé wọn lọ sílé ná. Itẹ́ òkú ló kọ́kọ́ yà sí. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, kò jọ ti Douala rárá. Muzzammil gbé ọwọ́ lé ilẹ̀, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Sango, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Nígbà tó dákẹ́, Kàbírátù sún mọ́ ọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó lóṣòó, ó sì kí ìyakọ tí kò rí rí ní èdè kan ṣoṣo tí kíkí ti máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màámi," ó wí. "A pẹ́ kí a tó dé."