Ojú Màmá Lórí Okùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara dà á. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ ìwé kọ. Mi ò pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo fi dúró, láti ìgbà náà, ọwọ́ mi mọ ọṣẹ ju bírò lọ. Ẹnu mi pàápàá kì í yá láàárín èèyàn. Kí n tó ṣètò ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹlòmíì á ti sọ ọ́ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́, torí pé bébà kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ibi tí ẹ bá ti rí i pó wọ́, ẹ bá mi nà án.

Ọ̀rọ̀ táwẹ̀lì ni. Ilé àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni mo ń gbé ní àdúgbò Crusher, ní Lọ́kọ́ja níbí. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì tún jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí wọ́n ṣe ọjọ́ ìbí ńlá fún ìyá Dádì ní abúlé wọn lọ́nà Bùnú, táwẹ̀lì ni wọ́n pín fún àwọn àlejò. Kì í ṣe táwẹ̀lì lásán o. Wọ́n tẹ àwòrán ojú Màmá sí àárín rẹ̀, tòun ti gèlè àti ẹ̀rín. Ojú náà tóbi ju ojú Màmá gangan lọ. Wọ́n kọ “Màmá Wa Ọ̀wọ́n” sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ náà, àlejò ò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Odidi àpò kan ṣẹ́kù, àpò náà sì bá wa wá sí Lọ́kọ́ja.

Láti ìgbà náà, ilé wa ò ra aṣọ ìnura mọ́. Ojú Màmá la fi ń nu orí, òun la fi ń nu ẹsẹ̀. Dádì nìkan ló máa ń yí i sódì tó bá kan ibi tí kò ṣeé dárúkọ, torí pé ìyá rẹ̀ ni.

Èmi ni mo ń fọ̀ wọ́n. Omi kànga ẹ̀rọ ilé wa kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, Àǹtí sì ní kí n máa da ọṣẹ sí i dáadáa. Mo ń dà á. Oòrùn Lọ́kọ́ja, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọyẹ́ tún wá dé, tí mo bá ká táwẹ̀lì lórí okùn, wọn kì í tẹ̀. Mo lè gbé ọ̀kan ti ògiri bí pákó. Lọ́jọ́ kan, Dádì nu ojú, imú rẹ̀ bó.

Ó ní, “Ṣé mo fi ìyá mi nu ojú ni, àbí ìyá mi ló gbá mi létí?”

À bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín lọ bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí Màmá fúnra rẹ̀ wá. Ojú rẹ̀ ló ń ṣú. Nǹkan funfun ti ń bo ẹyin ojú méjèèjì. Èyí ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, èyí òsì sì ń tẹ̀ lé e. Dókítà ti ní àwọn máa ṣe é, wọ́n sì ti fi Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ fún un. Èrò pọ̀ nílé ìwòsàn náà. Bí Ọjọ́bọ̀ náà bá fò ó, ó di ọ̀pọ̀ oṣù kó tó tún kàn án, Dádì sì mọ̀ pé ojú náà ò ní dúró dè wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, Màmá fi ọ̀pá tọ́ ilẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n àwòrán náà tóbi tó kó rí i. Ó dúró. Ó ń wo ara rẹ̀ láti ìpẹ̀kun okùn kan dé ìkejì, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ó bi mí pé, “Ta ló so mí kọ́?”

Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n ronú. Mo ní, “Èmi ni, Màmá. Ẹ máa tó gbẹ.”

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ó sì fi ìka kàn án. Ó dún kó. Ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

“Háà! Mo ti wá le tó báyìí?”

Nígbà tí Dádì dárúkọ Ọjọ́bọ̀ nídìí oúnjẹ lálẹ́, Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Mi ò lọ.”

“Màmá, kí ló dé?”

“Ojú mi tó wà níta le bí èèpo igi. Ẹ ò tíì tún ìyẹn ṣe, ẹ wá fẹ́ kí n gbé èyí tó wà lórí mi lọ bá ẹni tó mú abẹ lọ́wọ́?”

“Màmá, àwòrán lásán nìyẹn.”

“Bó bá jẹ́ àwòrán lásán, kí ló dé tó o fi máa ń yí i sódì kó o tó nu ìdí?”

Dádì wò mí. Èmi kọ́ ni mo sọ fún un. Àǹtí ń wo inú abọ́ ọbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan já sí i.

Dádì wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní ojú tí dókítà fẹ́ ṣe yàtọ̀ sí ojú tó wà lára táwẹ̀lì, pé ojú kan wà tí a fi ń ríran, ojú kan sì wà tí èèyàn ń rí. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ojú ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, òun pàápàá ò mọ ojú tó ń sọ mọ́. Ó ní, “Ẹyin ojú ni mo ní lọ́kàn, Màmá.”

Màmá ní, “Ẹyin náà, inú ojú ló wà.”

Ó gbé ìdájọ́ rẹ̀ kalẹ̀: kí ojú òun tó wà níta rọ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá rọ̀, kí wọ́n wá mọ́tò fún òun, òun ń padà sí abúlé. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. A mọ̀ ọ́n. Tó bá ti sọ, ó ti sọ náà nìyẹn.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àǹtí kọ́kọ́ ní ọṣẹ ni kò tó, a fi kún un, wọ́n sì le sí i. Ó ra omi búlúù kan tó ń ta sánsán, tí wọ́n ní ó ń mú aṣọ rọ̀. Èmi ò mọ ìwọ̀n rẹ̀, mo bù ú gidi. Táwẹ̀lì rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gba omi mọ́. Omi kàn ń yọ̀ lójú Màmá bí ìgbà tó bá kán sórí ewé kókò. Dádì wẹ̀ tán, ó fi nu ara, ó sì jáde ní balùwẹ̀ tútù rin-rin. Mo fi ọṣẹ fọ omi búlúù náà kúrò, wọ́n sì tún padà di pákó.

Ní gbogbo àkókò yìí, Màmá kì í kọjá lẹ́bàá okùn láì kí ara rẹ̀. “Okun o,” ni yóò wí, bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń kíra. Ó ní àgbà làwọn tó wà lórí okùn yẹn, a kì í sì í kọjá àgbà bí ẹni kọjá igi. Ó ní kí èmi náà máa kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ń kúnlẹ̀. Ìyá Ígálà tó ń gbé ilé kejì ń wò wá lórí ògiri. Ó mọ Yorùbá díẹ̀. Ó mọ okùn.

Ó bi mí pé, “Sister, una people dey greet rope?”

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé okun tí a fi ń kíra ni à ń sọ, kì í ṣe okùn tí a ń sá aṣọ sí. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà tò, ó ti rò pé mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti jí, yóò kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa, yóò ké tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Okùn o!” Ì báà jẹ́ aṣọ wà lórí rẹ̀, ì báà má sí.

Ọjọ́ Ajé ni Àǹtí rí obìnrin kan lórí fóònù rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe lè tọ́jú aṣọ. Yorùbá ìjìnlẹ̀ lobìnrin náà ń sọ, kò fi ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan bọ̀ ọ́. Ó ní, “Ẹ dín ọṣẹ kù. Ẹ da ọtí kíkan díẹ̀ sínú omi tí ẹ máa fi ṣan táwẹ̀lì gbẹ̀yìn. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó sá a, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ nínú oòrùn.” Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan ṣoṣo la gbọ́.

Àǹtí ní, “Ọtí? Nílé díákónì?”

Dádì ronú títí. Ó ní, “Kò síbi tí mo ti kà á pé kí táwẹ̀lì má mutí.”

“Ọtí wo ló wá ń kan?”

“Ẹmu ni. Tó bá sùn, ó ti kan.”

Bí wọ́n ṣe rán mi sí Adankolo nìyẹn, sọ́dọ̀ bàbá ará Ọ̀wọ́rọ̀ kan tó ń ta ẹmu lábẹ́ igi, nítòsí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ háyà yàrá sí. Àǹtí wé kẹ́ẹ̀gì sínú ọ̀rá dúdú, ó kó ẹ̀fọ́ lé e lórí, kí ará ṣọ́ọ̀ṣì má baà rí i.

Bàbá náà ní, “Ọmọ mi, ti àárọ̀ yìí dùn bí oyin.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tó kan ni mo fẹ́.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Èyí tó kan kẹ̀? Ta ló fẹ́ mu ún?”

“Táwẹ̀lì ni.”

“Ta ni Táwẹ̀lì? Ọkọ rẹ?”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Bàbá, ẹ fún un jàre. Láti ọjọ́ tí Táwẹ̀lì ti ń fa omi, ẹ jẹ́ kó fa ọtí lẹ́ẹ̀kan!”

Bàbá náà rọ ti àná fún mi kẹ́ẹ̀gì kún. Ó ní, “Kí Táwẹ̀lì rọra o. Èyí tó kan máa ń gun èèyàn.” Nínú kẹ̀kẹ́, mo gbé e sáàárín ẹsẹ̀, mo sì di ẹ̀fọ́ mú.

Obìnrin orí fóònù ní díẹ̀. Ta ló mọ bí díẹ̀ ṣe ń tó? Mo da gbogbo rẹ̀ sí i. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bí mo ṣe sá wọn tán ni eṣinṣin dé, oyin tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń rìn káàkiri ètè Màmá. Ìyá Ígálà yọ orí lórí ògiri, ó fa imú. “Sister! Today una rope don drink o!”

Dádì fi ọ̀kan nínú wọn nu ara lọ́sàn-án, ó sì mú òmíràn dání láti fi nu òógùn ojú níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́. Òun ló padà ròyìn fún wa. Ìjókòó tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ kọ́kọ́ ṣófo, lẹ́yìn náà tòsì. Alàgbà kan tẹ̀ sí i létí, ó ní, “Díákónì, a ó máa fi yín sínú àdúrà.” Dádì bá na táwẹ̀lì náà sókè kó lè fi han gbogbo wọn pé aṣọ ló ń rùn, kì í ṣe òun. Ni ojú ìyá rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ìjọ, tí òórùn ẹmu ń ti ibẹ̀ jáde. Nígbà tó ṣàlàyé ohun tí a fi fọ̀ ọ́, ìyàwó pásítọ̀ ló là á lóye. Ó ní ọtí kíkan ni èyí tí wọ́n fi kànrìnkàn nà sí Jésù lórí àgbélébùú, pé inú ìgò ni wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù.

Dádì ń pariwo láti ẹnu géètì. “Fínígà ni! Fínígà lobìnrin yẹn ń sọ!”

Àǹtí ní, “Kí ló dé tí kò pè é ní fínígà?”

“Yorùbá ló ń sọ!”

“Àwa náà, Yorùbá la gbọ́!”

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni mo ti wòye pé Màmá ò sí ní pálọ̀. Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Ó wà nídìí okùn, ó ti fa ọ̀kan wálẹ̀, ó sì ti tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Kò mira. Dádì àti Àǹtí bá mi níbẹ̀.

Dádì ní, “Màmá, ẹ má bínú. A máa fọ ẹmu yẹn kúrò.”

Màmá gbé orí sókè. “Ó rọ̀.”

Mo fọwọ́ kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lóòótọ́ ni, ó ń tẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹ̀wà tó jinná.

Ó yíjú sí Dádì, ó ní, “Bàbá rẹ nìyí. Bó ṣe máa ń rùn nígbà ayé rẹ̀ nìyí, tó bá dá ẹmu tán tó ti orí ọ̀pẹ sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń bínú sí i nígbà náà, mo máa ní kó lọ wẹ̀.” Ó tún tẹ ojú mọ́ ọn.

“Ọjọ́bọ̀ tí ẹ wí yẹn, ìgbà wo ni?”

“Ọ̀la ni, Màmá.”

“Ẹ tètè jí mi. Mo fẹ́ kí ojú mi là, kí n lọ wò ó bóyá ọ̀pẹ rẹ̀ ṣì wà lábúlé.”

Alẹ́ ọjọ́ náà, Dádì ní mi ò gbọ́dọ̀ fi ẹyọ kan tó ń rùn ẹmu sílẹ̀ nínú ilé òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí ṣáájú wọn. Mo fi ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ wọ́n, díẹ̀ gidi lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣàn wọ́n títí omi fi mọ́. Mo gbọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí òwú ara wọn fi dìde, mo sì sá wọn sábẹ́ òjìji máńgòrò, mo kọjú wọn sínú kí oòrùn má baà pa ẹ̀rín wọn rẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ọ̀kan ni mi ò fọ̀. Mo ká a wẹ́rẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ báàgì tí Màmá fẹ́ gbé lọ sí ilé ìwòsàn, lábẹ́ ìró rẹ̀, níbi tí imú Dádì ò ní dé.