Ilé Àwọn Ajíwalẹ̀

"Padà sókè. Mi ò gbọ́ ẹni tó ń bọ̀."

Mo ti sọ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn, mo gbé ike gaàrí dání, òtútù sì ti ń wọ inú ìbọ̀sẹ̀ mi. Màmá àgbà, ìyá tó bí mọ́mì mi, jókòó sórí ẹní láàárín fírísà àti ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Wọ́n mọ̀ pé èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Mọ́mì mi wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù, dádì mi kò tíì tibi iṣẹ́ dé, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé ńlá tí a ń gbé ní Lake Arbor, ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, mo ní láti gun òkè padà, kí n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí n ké pé "Àgò onílé o," títí Màmá àgbà yóò fi dáhùn pé "Àgò yà." Yàrá abẹ́ ilé tiwa náà ni o, níbi tí a ń kó bàtà yìnyín àti kẹ̀kẹ́ mi sí. Ta ló ń tọrọ àgò lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́?

Wàhálà mi ni pé "ilé" kì í dúró lẹ́nu mi. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí mo bá fẹ́ pe "ilé", "ilẹ̀" ló ń jáde.

"Àgò onílẹ̀ o."

"Onílẹ̀ kẹ̀? Ṣé òkété ni mí?"

Inú àṣìpè yìí ni ìtàn tí Màmá àgbà máa ń sọ fún mi ti wá. Ní ọ̀sẹ̀ tí Màmá àgbà ti Ìbàdàn dé láti máa mójú tó mi, mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì iléèwé, mo wọlé, mo ní mo ti dé ilẹ̀. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ó dára, àwọn kan wà tí ilẹ̀ jẹ́ ilé fún lóòótọ́, Ajíwalẹ̀ ni orúkọ wọn, inú aṣálẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé. Irọ́ gbuu ni. Màmá àgbà kò rí aṣálẹ̀ rí àfi lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé àwọn àti Ajíwalẹ̀ jọ ń pọn omi nínú kànga kan ni.

Gaàrí ni Màmá àgbà fi ń kọ́ ilé wọn fún mi. Wọ́n á dà á sínú atẹ láti ṣa ìdọ̀tí rẹ̀, òórùn kíkan rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ ti ọṣẹ ìfọṣọ, wọ́n á wá ki àtàǹpàkò bọ àárín rẹ̀. "Ẹnu ilé nìyí." Wọ́n á fi èékánná fa ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ kí oòrùn má baà tẹ̀ lé ènìyàn wọlé. Yàrá oúnjẹ wà níhìn-ín, ti àwọn arúgbó wà lọ́hùn-ún. Yàrá omi ló jìn jù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pariwo níbẹ̀, nítorí pé omi ń sùn. Lókè, kò sí títì. Ibi yòówù kí ènìyàn tẹ̀, orí òrùlé ẹnìkan ni, nítorí náà èèwọ̀ ni bàtà. Àlejò á dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, á fi ẹnu sí ojú ihò, á tọrọ àgò.

Nígbà yẹn ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná máa ń ta jí lẹ́yìn ògiri, á máa hó hùù.

"O gbọ́ ọ? Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń sín èèyàn jẹ. Ó lè tọrọ àgò bí èèyàn gidi, àmọ́ kò lè pe 'onílé'. 'Onílẹ̀' ló máa ń pè. Tí Ajíwalẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn fún un, iyanrìn á kún ilé."

Ọmọbìnrin kan wà nínú ìtàn náà tí kò jù mí lọ. Àwọn òbí rẹ̀ àti ràkúnmí wọn ti lọ, ó sọnù lẹ́yìn wọn. Ó rìn nínú oòrùn títí òùngbẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, kó tó rí ihò kan. Ó dùbúlẹ̀.

"Kí ló wí?" Màmá àgbà á bi mí.

"Àgò onílẹ̀ o."

"Wọn ò ṣí."

Màmá àgbà á sì da gaàrí padà sínú ike, ilé, omi, arúgbó, gbogbo rẹ̀. Ó tán nìyẹn títí di ọjọ́ mìíràn. Inú á bí mi débi pé ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbé atẹ náà sọ nù. Yìnyín bọ́ lóde, yìnyín yọ́, ọmọ náà ṣì wà nínú oòrùn. Mo máa ń rò ó ní kíláàsì. Mo máa ń wo ẹnu ara mi nínú díńgí, mò ń wí pé ilé, ilé, ilẹ̀.

Ó sú mọ́mì mi pàápàá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n bá mi lórí àtẹ̀gùn tí mò ń sunkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ kúkú tell her the end. Ó ní school lọ́la."

"Kó pè é dáadáa."

"Ilé, ilẹ̀, what's the difference? Ọmọ America ni."

Màmá àgbà kò gbójú sókè kúrò lórí atẹ. "Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ lọ sí ọ̀kan, mi ò tíì ṣetán láti lọ sí èkejì."

Ó ti pẹ́ tí mọ́mì mi ti ń bẹ Màmá àgbà kí wọ́n dúró sí i, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò máa tọ́jú mi. Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí Màmá àgbà yóò fi padà sí Ìbàdàn. Mo wá mọ̀ pé bí n kò bá rí ọ̀rọ̀ yẹn pè kí Màmá àgbà tó lọ, ọmọ yẹn kò ní wọlé láéláé.

Ojú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí i lẹ́nu mi. Dádì mi ń wa ọkọ̀, Màmá àgbà ń bá bẹ́líìtì ìjókòó jà, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Àgò onílé o." Ó jáde geere. Màmá àgbà yíjú padà.

"Àgò yà," ni wọ́n wí, inú wọn sì dùn gan-an.

"Ṣé wọ́n ṣí fún un?"

"Tí mo bá padà dé, màá parí ẹ̀."

"Grandma, that's not fair. Ẹ ti promise."

Dádì mi rẹ́rìn-ín. Mo sunkún títí a fi dé ibẹ̀, ẹkún ìbínú ni, kì í ṣe ti ìdágbére.

Wọn kò padà dé. Orúnkún ni lónìí, ẹ̀jẹ̀ ríru ni lọ́la. Tí mo bá béèrè lórí fóònù, wọ́n á ní a kì í sọ irú ẹ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ pọ̀ lórí wáyà. Ẹ wo irú èèyàn.

Mo ti dàgbà nígbà tí wọ́n kú. Gẹ́gẹ́ bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe, ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ará ilé sin wọ́n, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀. Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, ẹ̀yìnkùlé ni àbúrò mọ́mì mi mú mi lọ, níbi tí ilé àti ilẹ̀ ti wá di ọ̀kan náà fún Màmá àgbà. Mo bọ́ bàtà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Àgò onílẹ̀ o." Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé bí ó bá ku ohun kan tó lè mú kí wọ́n dá mi lóhùn, àṣìpè ni. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ló ń hó. Inú bí mi sí wọn, àárò wọn sì sọ mí.

Àgò yẹn ni ogún tí mo jẹ. N kì í wọ yàrá ẹnikẹ́ni, àní ti ọmọ mi, láìtọrọ rẹ̀. Mo ti ní ilé tèmi ní Mitchellville báyìí, abẹ́ ilé ni mo ti ń ṣa gaàrí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń sọ ìtàn Ajíwalẹ̀ fún ọmọ mi. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin sọ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn, ó ní, "Mommy, so did they let her in or not?" Ohùn rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ mi ti sú u. N kò mọ ìdáhùn, kò sì sí ẹni tí mo lè bi mọ́. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo tẹjú mọ́ atẹ.

"Padà sókè," mo ní. "Mi ò gbọ́ ẹni tó ń bọ̀."