Àgádágodo Ẹ̀yìn Jíìpù

Nọ́ọ̀tì kan ló kọ́kọ́ sọnù. Mẹ́ta ló de sípíà táyà mọ́ ẹ̀yìn jíìpù bàbá mi, níta gbangba lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i tí wọ́n sì lè fọwọ́ kàn án. Bàbá mi fẹ́ fọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá a pé ó ku méjì. Ó wá ilẹ̀ títí, ó fi ẹsẹ̀ tú inú koríko, kò rí i. Ó ní bóyá ó já sọ́nà ni. Béèyàn bá mọ ọ̀nà Òkè-Ọdẹ, kò ní bá a jiyàn.

Kò pẹ́ sí i, èkejì tún lọ. Èyí kì í ṣe pé ó já. Ojú ibi tó wà ń dán, ó hàn pé sípánà ti kọjá níbẹ̀. Bàbá mi dúró tì í, ó ń fi àtàǹpàkò pa ibẹ̀. Ó ní, "Ẹnì kan ń tọ́ mi wò." Ẹ̀rù bà mí nígbà tó sọ ọ́, torí pé bàbá mi kì í ṣe ẹni tó máa ń fura.

Lásìkò yẹn, wọ́n ń jí sípíà táyà káàkiri Òmù-Àrán. Àwọn ọkọ̀ tó ń gbé tiwọn sẹ́yìn ni wọ́n dájú sọ. Wọ́n tú ti ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí nígbà tí òun ń kírun Jímọ̀ lọ́wọ́. Ó jáde, ó bá ẹ̀yìn ọkọ̀ lófìfo. Àwọn ọmọ ìlú tó ń ti Èkó wá sílé ṣe ìnáwó gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn ti ògiri, kí ẹnikẹ́ni má ráyè débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún bàbá mi. Oko kájú rẹ̀ wà lẹ́yìn Òkè-Ọdẹ. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ti bàjẹ́, òkúta rẹ̀ mú, igbó sì ti sún mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ajínigbé ti mú èèyàn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú máa ń bá bàbá mi dúró kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, kò sì padà wálé títí di òní.

"Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dúró ni wọ́n ń mú," bàbá mi máa ń wí. "Ọkọ̀ tèmi kì í dúró. Bí táyà bá jò, màá pààrọ̀ rẹ̀ wéré, màá bá tèmi lọ. Ọjọ́ tí mi ò bá ní sípíà, mi ò ní gba ọ̀nà yẹn."

 Ìyá mi ti bẹ̀ ẹ́ kó fi oko náà lé alágbàṣe lọ́wọ́. Ó ti sunkún, ó ti bínú, ó ti kọ̀ láti se oúnjẹ. Kò gbọ́, kò gbà. Ilé ọkọ mi ò jìnnà sí tiwọn, tíṣà ni mí, èmi ni mo sì máa ń wa jíìpù náà fún bàbá mi nígbà ìsinmi nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Nítorí náà, ìyá mi máa ń bá èmi náà wí mọ́ ọn. Bí a bá ń lọ, ìyá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ẹ̀yìn wa títí a ó fi yà.

Lẹ́yìn nọ́ọ̀tì kejì, bàbá mi gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ó ní kó wá irin kan dábùú táyà náà, kó jó orí rẹ̀ kan mọ́ ilẹ̀kùn, kí orí kejì máa gba àgádágodo. Wẹ́dà ṣe é. Bàbá mi wò ó, ó ní ẹni tó bá ní òòlù yóò fọ́ ọ. Wẹ́dà tún fi irin tó nípọn ṣe àpótí kékeré bo àgádágodo náà. Ó wá ku ihò ìsàlẹ̀ nìkan, níbi tí èèyàn lè ti ọwọ́ àti kọ́kọ́rọ́ bọ̀.

"Bàbá, ṣé táyà lẹ ní ká tì mọ́lé ni, àbí olè fúnra rẹ̀?" wẹ́dà bi í.

Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó wá ní kó tún etí àpótí náà jó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá àgádágodo náà wá. Bàbá mi sọ ọ̀kan sínú ṣáláńgá níṣojú mi. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tó bá ti ju ẹyọ kan lọ, olè ni wọ́n ṣe é fún. Ìkejì, ó gbé e fún ìyá mi.

Nílé wa, ohun tí kò bá gbọdọ̀ sọnù, etí ìró ìyá mi ló ń gbé. Kọ́kọ́rọ́ yàrá, kọ́kọ́rọ́ àpótí, owó àgbò iléyá, á dì í ní kókó sí etí aṣọ, á kì í bọ ìbàdí. Bí àwọn ìyàwó ilé ìlú wa ṣe ń ṣe nìyẹn, àwọn ọkọ wọn kì í sì í bi wọ́n pé kí ló tún wà nínú kókó náà.

"Gbà á, Ìyá ilé," bàbá mi wí. "Ìwọ nìkan ni mo lè fọkàn tán."

Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Kò wo ojú bàbá mi. Mo rí i, àmọ́ mi ò kà á sí.

Látìgbà náà, bí a bá ń lọ oko, ìyá mi á tú kókó, á fún bàbá mi ní kọ́kọ́rọ́. Bí a bá dé, bàbá mi á dá a padà kó tó mu omi pàápàá. Kò sẹ́ni tó tún tọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́. Bàbá mi ń yangàn. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀, torí pé olè tó ti mú nọ́ọ̀tì méjì ṣì wà níbì kan, kò sì jìnnà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, iléèwé gba ìsinmi, ìyá mi lọ sí Ìjàrà-Ìsin, ọmọ àbúrò rẹ̀ ń ṣe wolimọ́, ó parí Kùránì. Ó kìlọ̀ kó tó jáde pé òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ oko títí òun ó fi dé. Oòrùn ò tíì le tí alágbàṣe fi pè pé iná ti ráàyè wọ igbó, ó ń jó bọ̀ lọ́dọ̀ kájú. Bàbá mi ti wọ bàtà kí ó tó pa fóònù. Mo bínú. Mo bi í léèrè pé ṣé nítorí kájú la fẹ́ kú ni. Ó ní kájú ló rán mi nílé ìwé. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbá irin náà pẹ́pẹ́. "Ó wà níbẹ̀," ló wí. Bí a ṣe lọ nìyẹn. Kò wá sí ọkàn rẹ̀, kò sì wá sí tèmi, pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní Ìjàrà.

Ọ̀nà náà dá ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn obìnrin tó máa ń ta èédú lẹ́bàá títì ò sí níbẹ̀, ìjókòó wọn nìkan ló wà. Mo sọ fún bàbá mi, ó ní bóyá iná ni wọ́n lọ pa. A kọjá wọn díẹ̀, táyà iwájú bẹ́.

Bàbá mi bọ́ọ́lẹ̀ kíá. Ó gbé jáàkì sílẹ̀, ó mú sípánà, ó lọ sẹ́yìn, ó ti ọwọ́ bọ ihò àpótí náà. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó wò mí.

"Ìyá ẹ," ló wí.

A lo òkúta, a lo sípánà, a lo irin jáàkì. Àpótí náà ò mira. Iṣẹ́ wẹ́dà dára, ì bá má dára tó bẹ́ẹ̀. Fóònù ò mú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹnì kan súfèé nínú igbó. Nígbà tó yá, òmíràn dá a lóhùn ní òdìkejì ọ̀nà. Bàbá mi ní ọdẹ ni wọ́n. Ìṣesí rẹ̀ kò fi hàn pé ó gba ara rẹ̀ gbọ́.

Àgbẹ̀ kan gun ọ̀kadà bọ̀, ó di iṣu sẹ́yìn, àyè èèyàn kan péré ló kù. Bàbá mi ní kí n gùn ún. Mo ní òun ni kó lọ. Ojú rẹ̀ le. "Obìnrin ò gbọdọ̀ dúró síbí. Bí mo bá sì fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọn á tú u tán pátá. Lọ bá mi gba kọ́kọ́rọ́." Mo lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ń bu omi láti inú jálá sínú búútà, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá.

Ní Ìjàrà, ìyá mi rí mi lórí ọ̀kadà, ó ti dìde láàárín àwọn obìnrin kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìyá, táyà bẹ́. Kọ́kọ́rọ́." Ó fa kókó náà yọ ní ìbàdí, kò rí i tú. Mo bá a tú u. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, nọ́ọ̀tì méjì sì bọ́ tẹ̀lé e.

Mo wo nọ́ọ̀tì, mo wo ìyá mi.

"Ó ní tí kò bá sí sípíà, òun ò ní lọ," ló wí. "Mo fẹ́ kó jókòó sílé ni. Ìgbà tó bá lọ kírun àsùbáà ni mo máa ń tú u. Ọmọ mi, mo fẹ́ kó jókòó sílé ni."

Mo sáré lọ pe àwọn fijilánté tó ń ṣọ́ ìlú. Wọ́n gbé wa sínú ọkọ̀ wọn, a padà síbi jíìpù.

Jíìpù náà wà níbi tí mo fi í sí. Jáàkì wà lábẹ́ rẹ̀. Sípíà táyà wà lẹ́yìn, irin dábùú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Búútà dojú dé sórí ilẹ̀, ibi tí omi rẹ̀ dà sí ṣì tutù. Bàbá mi ò sí níbẹ̀. N kò mọ ìdí tí mo fi lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo, ó sì ṣí wẹ́rẹ́.

Àwọn ajínigbé dá a padà nígbà tó yá. Mi ò ní sọ bí a ṣe gbà á. Ó ti gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ kan ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, kì í sì í jókòó síbi tí kò bá ti lè fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé wọ́n jí táyà náà. Mo ní wọn ò jí i. Ó mi orí. Ó ti rò ó dáadáa níbi tó wà, ó ní ajínigbé kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe òun níkà. Ẹni tó tú nọ́ọ̀tì ni, torí ká ní kò tú u ni, òun ò ní ti táyà mọ́ ohunkóhun.

Mo bínú sí ìyá mi débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí débi pé mi ò lè sùn. Èmi àti òun nìkan la mọ̀. Mi ò tíì sọ, òun náà ò tíì sọ.

Bàbá mi kì í lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, ilé ló ti ń kírun. Bí mo bá wà níbẹ̀, á ṣàdúà fún mi, fún àwọn ọmọ mi, fún ilé. Lẹ́yìn náà ló máa ń gbé ọwọ́ tó dára sókè, á ní ẹni tó tú nọ́ọ̀tì òun, kí Ọlọ́run má dárí jì í, kó má fi ojú rere wò ó láéláé. Mo máa ń ṣe àmín sínú. Ìyá mi, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹní, máa ń ṣe tirẹ̀ sókè ketekete.