Ìyá Tó Dìde Ju Ẹ̀ẹ̀kan Lọ

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ mú, iṣẹ́ aránṣọ ló sì ń ṣe. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tirẹ̀, yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni wọ́n ti ń kọ́wèé. Bí ọmọ bá ti lè ka orúkọ tó wà lára ọṣẹ, ẹ̀kọ́ parí: ọkùnrin a dojú kọ iṣẹ́ káfíńtà, obìnrin a jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn aláṣẹ ní oore ńlá ni. Abẹ́rẹ́ ò jiyàn; ó mọ gbogbo ọṣẹ ìlú lórúkọ.

Nígbà tó yá, ìjọba ní kí gbogbo ọmọ lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ìlú ní àṣà tirẹ̀: lọ́jọ́ ìwọlé, wọ́n á pe orúkọ ọmọ, òbí rẹ̀ á dìde. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò bá dìde fún, ilé ló ń padà lọ.

Mátíróònù tó ń bójú tó ilé àwọn ọmọ náà káwọ́ lérí. Abẹ́rẹ́ bi í pé, "Mọ̀mí, ṣé wọ́n sọ iye ìgbà téèyàn lè dìde?"

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n pe ọmọ kan, Abẹ́rẹ́ dìde. Wọ́n pe òmíràn, ó tún dìde. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọ̀gá ilé ìwé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin náà tún ni?"

"Èmi náà ni, sà."

"Àwọn máràárùn-ún, kò sí ẹni tó ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ?"

"Ara mi ló yá, sà."

Baba sísanra kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó ń sinmi. Ẹ̀yin ò ní sinmi?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Òbí ni òfin wí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí wọn."

"Lóòótọ́ ni, sà. Èmi kàn ń rán ṣòkòtò wọn ni, mo sì ń jókòó tì wọ́n bí ibà bá dé. Bí ẹlòmíràn bá wà níbí tó ń bá mi ṣe é, kó dìde, kí n jókòó."

Kò sẹ́ni tó mira. Baba sísanra di àga rẹ̀ mú.

Ọ̀gá wo gbọ̀ngàn yí ká, ó gbé gíláàsì padà sójú, ó pe orúkọ tó kàn. Abẹ́rẹ́ dìde. Kò sí ọmọ ilé náà kankan tí wọ́n dá padà lọ́jọ́ yẹn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọjọ́ náà ni ọ̀gá ilé ìwé ọ̀hún báyìí. Lọ́jọ́ ìwọlé, ó gbé àga onítìmùtìmù síwájú fún ìyá arúgbó náà. "Ẹ jókòó, Mọ̀mí. Bí a bá pe orúkọ ọmọ, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kàn máa nà."

"Ọmọ mi," ni Abẹ́rẹ́ wí, "òfin lòfin."

Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde.